Búlúù Kànga Ashlow

Bí ẹ bá dé ibùdókọ̀ Chesterfield nílùú òyìnbó ní àárọ̀ Ọjọ́rú, kò sí bí ẹ ò ṣe ní bá àwọn obìnrin méjì kan lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú. Èyí tó ga, tó wọ kóòtù òjò bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn, Thelma Wragg nìyẹn. Èyí tó kúrú, tó gbé báàgì lé orúnkún bí ẹni gbé ọmọ, Avril Furniss ni. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Àwọn méjì yìí ti ń ṣeré tiwọn kọjá ogún ọdún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n tíì jà, ìjà ọ̀hún ò ju pé Thelma se ẹyin tí wọ́n fẹ́ jẹ lójú ọ̀nà, àárín rẹ̀ ò jinná.

Thelma ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Aránṣọ ni, ṣùgbọ́n kì í rán aṣọ tí èèyàn ń wọ̀. Kọ́tìnì ló ń rán. Láyé ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ kí fèrèsé òun dára ju ti aládùúgbò lọ, ọ̀dọ̀ Thelma ló ń gbà lọ. O ò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí o kàn ní búlúù lo fẹ́. Á wò ọ́ láti òkè dé ilẹ̀, á ní, "Búlúù wo? Ti ẹyin ẹyẹ ni, àbí ti èéfín, àbí ti ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò?" Àwọn oníbàárà mìíràn á gbà pé ìgbéraga ló ń ṣe é. Kì í ṣe ìgbéraga. Àwọ̀ lọ́rọ̀ tó yé e jù láyé. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó káàánú òun.

Òun ló rán kọ́tìnì yàrá Avril lọ́dún tí Desmond, ọkọ Avril, kú. Nígbà tó gbé e kọ́ tán, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí obìnrin náà tó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tí kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì ṣe. Thelma ní, "Ọjọ́rú ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sórí òkè lọ rìn. Bí o bá fẹ́, o lè bá mi lọ." Avril dáhùn pé, "Ìyẹn máa dára gan-an." Ẹni tó bá ti gbé láàárín àwọn èèyàn ìlú yìí á mọ̀ pé gbólóhùn yẹn lè túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, ó lè túmọ̀ sí rárá, ó sì lè túmọ̀ sí pé jọ̀wọ́ fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọjọ́rú dé, Avril wà lórí bẹ́ǹṣì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òkè bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń jókòó sí, ìjókòó iwájú pátápátá, níbi tí ẹ̀ka igi ti ń na gíláàsì ní pàṣán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Bí bọ́ọ̀sì bá ti fi ilé tó kẹ́yìn sílẹ̀, ìkùukùu á ṣì wà nínú àfonífojì, orí igi nìkan ló máa yọ jáde, ilé ìsìn kan á yọ ṣóńṣó, gbogbo ayé á dà bí ohun tí ẹnì kan ń rántí lójú oorun. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan á mú wọn gba ẹ̀gbẹ́ odò, á mú wọn gòkè láàárín ògiri òkúta, á mú wọn la oko olóko kọjá, kò sì ní sí ẹni tó máa bi wọ́n pé níbo lẹ ń lọ. Wọ́n á jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì lórí òkúta, wọ́n á mu tíì inú fílásíkì, òjò á pa wọ́n díẹ̀, oòrùn á gbẹ wọ́n. Bí ọ̀sán bá rọ̀, Thelma á nà gbalaja sínú koríko, á máa wo bí òjìji ìkùukùu ṣe ń rìn lórí òkè tó wà lódìkejì, tí ewé tútù á di ewé dúdú, tí dúdú á tún padà di tútù. Ó lè wò ó títí kó má sọ nǹkan kan. Inú rẹ̀ á dùn débi tí á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, kò mọ̀ pé ojú ni. Ó rò pé gílóòbù ilé ò mọ́lẹ̀ tó, ó pààrọ̀ gílóòbù. Ó rò pé ilé iṣẹ́ òwú ti ń ṣe òwú dúdú àti òwú aró bákan náà, ó bú ilé iṣẹ́ òwú. Ìgbà tó wá rí dókítà ojú, ọmọkùnrin náà fi sùúrù sọ fún un pé àárín ojú ló ń kú, ẹ̀gbẹ́ ò ní kú, kò sì sí oògùn tó lè dá èyí tó ti lọ padà. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá wò lójúkorojú á pòórá, bí ẹni pé àtàǹpàkò kan ń pa á rẹ́. Bó bá kọjú sí Avril, etí Avril ló ń rí, àti fìlà òwú orí rẹ̀. Ojú Avril gan-an ti di èéfín. Àwọ̀ pàápàá ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ láfọ̀jù.

Kò sọ fún Avril. Ẹ má bi mí pé kí ló dé, mo ti ń bọ̀ níbẹ̀. Nígbà kan rí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bagshaw máa ń bá wọn rìn. Ojú Bagshaw di bàìbàì, ó lóun ò ní jókòó sílé, ló bá ṣubú lórí àkàsọ̀ tí wọ́n fi ń gorí ògiri sínú oko, egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Lójọ́ náà, nínú bọ́ọ̀sì, Avril ní, "Ẹni tí ojú ń dùn, ilé ni kó jókòó sí. Kí ló ń wá kiri?" Ó ti pẹ́ tó ti sọ ọ́, ó sì dájú pé ó ti gbàgbé. Thelma ò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí egungun ẹja. Bí Avril bá fi lè mọ̀, Ọjọ́rú ti tán nìyẹn. Kí ló wá kù? Yàrá kan, rédíò kan, àti kọ́tìnì tí kò lè rí àwọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ló bá sọ irọ́ di iṣẹ́. Òun ló ti ń mú máàpù lọ́wọ́ tipẹ́, nítorí pé Avril ò mọ máàpù ú wò. Á ṣí i, á fi ìka tọ ọ̀nà kan lórí rẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì la máa gbà," àkọ́sórí sì ni gbogbo rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti dé rí nìkan ló ń mú wọn lọ. Ó mọ ìyànà kọ̀ọ̀kan bó ṣe mọ ojú rírán. Òórùn áyù inú igbó á sọ fún un pé afárá kù díẹ̀, ohùn omi á sọ fún un pé ó tó àkókò kí wọ́n yà. Lọ́jọ́ kan, lábúlé kan, ọkùnrin kan dúró sẹ́bàá ọ̀nà nínú kóòtù pupa. Thelma kí i, ó ní ojú ọjọ́ mà dára o, ó tún bi í pé ṣé àlàáfíà lẹ wà. Ọkùnrin náà ò fọhùn.

"Àwọn èèyàn ìsinsìnyí ò lẹ́kọ̀ọ́," ni Thelma wí nígbà tí wọ́n kọjá.

"Èyí gan-an ò lẹ́kọ̀ọ́ rárá ni," ni Avril dá a lóhùn.

Ohun tó wá ń bí Thelma nínú ni ẹnu Avril. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni Avril ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, òun ló ń so ìpè ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíràn, tó ń bá àwọn tí kò rí lójú sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kì í fọhùn lójú ọ̀nà. Á ní òun ti lo ọ̀rọ̀ tòun tán lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, ẹnu rẹ̀ là, kò sì padé mọ́. "Wo ẹrẹ̀, gbogbo ọwọ́ òsì ni! Ta ló fi irú gbòǹgbò báyìí sílẹ̀ lójú ọ̀nà? Àkàsọ̀ yìí, ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́ta, ti ìsàlẹ̀ ń mì, ó yẹ kí wọ́n ti ẹnì kan mọ́lé nítorí ẹ̀."

"Avril, ṣé o ò lè jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹyẹ ni?"

"Máa gbọ́ ọ, ta ló dì ọ́ mú? Ọ̀nà ń yà sọ́tùn-ún o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Thelma á sọ nínú ara rẹ̀ pé arúgbó ti dé sí Avril, ẹni tó bá sì ti dàgbà, ṣíṣọ́ ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Á mú sùúrù fún un bí ọ̀rẹ́ ti í mú sùúrù.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ gan-an bọ́ sínú oṣù Keje. Lóṣù yẹn lọ́dọọdún ni àwọn ará abúlé Ashlow máa ń wọ kànga wọn láṣọ. Wọ́n á rẹ pákó ńlá sínú odò, wọ́n á fi amọ̀ oníyọ̀ rẹ́ ẹ lójú, wọ́n á wá máa tẹ awẹ́ òdòdó mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ewé, èèpo igi àti hóró èso, títí á fi di àwòrán látinú Bíbélì. Wọ́n á gbé e dúró lórí kànga, àlùfáà á gbàdúrà, wọ́n á dúpẹ́ omi. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti rọ. Thelma fẹ́ràn rẹ̀ ju Kérésìmesì lọ. Ohun yòówù kí wọ́n yà sísàlẹ̀, ojú ọ̀run tó wà lókè ló ń bá wá, nítorí pé òdòdó háídíréńjà ni wọ́n fi ń ṣe é, òdòdó búlúù tó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ní Ashlow. Búlúù náà máa ń mú un lọ́kàn. Lọ́dún kan, ó dúró níwájú rẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ fi wọ́n sílẹ̀.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí orí òkè, kí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn wọ Ashlow láti ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn koríko gígé bọ̀. Ẹyẹ kan wà lókè réré tí kò sẹ́ni tó ń rí i, ó ń kọrin bí ẹni pé òun nìkan ló wà láyé. Fún ìgbà pípẹ́, Thelma gbàgbé ọ̀rọ̀ ojú. Ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ń rí koríko tó ń ṣàn lọ bí omi, ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí àwọn nǹkan funfun kan tó lè jẹ́ òkúta, tó sì lè jẹ́ àwọsánmọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ wá sinmi.

"Àgùntàn ni," ni Avril wí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. "Ọ̀kan ń wò wá bíi ìyá Desmond."

"Olúwa gbà wá," ni Thelma wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ òkè.

Wọ́n ta okùn yí kànga ká, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin kan tó dé fìlà koríko, Ọ̀gbẹ́ni Heathcote, jókòó lórí àga, ó ń ṣọ́ okùn. Èrò pọ̀ díẹ̀, wọ́n sì rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní ilé aláìsàn. Thelma rìn débi okùn. Ó kọjú sí pákó, pákó pòórá. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó rí nǹkan kan tó ń tàn lábẹ́ òjìji igi, nǹkan tí kò ní orúkọ. Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì ti múra ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sílẹ̀ látinú bọ́ọ̀sì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ló fi ohùn rara wí. "Búlúù yìí mà ga o! Ti ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò gan-an nìyí. Ó ju tèṣí lọ fíìfíì."

Ọ̀gbẹ́ni Heathcote yíjú padà. Ó wo pákó, ó wo Thelma, ó wo Avril. Ní ibòmíràn, ẹnì kan ì bá ti pariwo pé, "Búlúù wo? Kí ló ṣe yín lójú, màmá?" Ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ashlow nìyẹn, níbi tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ìwọ lo máa tọrọ àforíjì.

"Ẹ ṣeun, mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Heathcote wí níkẹyìn. "A... a gbìyànjú díẹ̀."

"Ó dára gan-an," ni Avril wí kíákíá. "Ó yá, jẹ́ ká lọ mu tíì, pẹ́pẹ́yẹ mi."

Bí wọ́n ṣe ń pe ẹni ọ̀wọ́n lágbègbè yẹn nìyẹn, pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ má bínú sí wọn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni.

Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ta tíì. Avril lọ tò sórí ìlà. Kò sóhun tí Avril fẹ́ràn tó ìlà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tó kéré jù fún un láti pa mọ́. Koríko tí wọ́n bá ní kí èèyàn má tẹ̀, ó lè yí abúlé po nítorí rẹ̀. Thelma jókòó dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ara tù ú. Ó rò pé òun ti ṣe é láṣeyọrí. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, àwọn obìnrin méjì kan ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ó mà ṣe o, òtútù oṣù Karùn-ún yẹn! Ó pa háídíréńjà gbogbo abúlé pátá. Wọn ò rí ẹyọ kan lò."

"Síbẹ̀ wọ́n gbìyànjú. Yẹ́lò yẹn náà ò burú. Mi ò rí ojú ọ̀run tó jẹ́ yẹ́lò látòkè délẹ̀ rí."

Ojú ti Thelma, ojú tì í débi tó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ó sì wá rí i pé ìtìjú nìkan kọ́. Avril dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ojú Avril ò dùn ún. Avril rí yẹ́lò, ó gbọ́ búlúù, ó ní ó dára gan-an. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ wá ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹrẹ̀ ọwọ́ òsì, gbòǹgbò ojú ọ̀nà, ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ti ìsàlẹ̀ ń mì, àgùntàn tó dà bí ìyá Desmond. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ti di aláròyé lódidi ọdún kan, òun sì rò pé arúgbó ni.

Avril mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ohun tó dun Thelma jù nìyẹn. Ó rò pé àwọn jọ ń jáde ni, bí ọ̀rẹ́ méjì; àṣé Avril kàn ń dà á kiri bí ẹran ni, ó ń ṣàánú rẹ̀. Nígbà tí Avril gbé tíì dé, Thelma sọ pé tíì náà gbóná. Avril ní ó gbóná lóòótọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ kéèkì, wọ́n sọ̀rọ̀ bí àga gbọ̀ngàn náà ṣe le. Àwọn èèyàn yẹn lè sọ̀rọ̀ òjò títí ilé á fi jó tán.

Ìgbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ Ashlow, tó ku díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn dé, ni Thelma tó sọ̀rọ̀. Oòrùn ṣì ga. Afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, ohùn ohun èlò orin kékeré kan ń bọ̀ láti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mi ò rò pé mo máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí. "Mi ò tiẹ̀ rò pé mo máa wá mọ́. Orúnkún mi ni."

Nígbà tí Avril fọhùn, ohùn rẹ̀ ò dà bí ohùn rẹ̀.

"Orúnkún rẹ? Thelma Wragg, irọ́ ńlá lò ń pa. Kò sí nǹkan kan tó ṣe orúnkún rẹ."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó tíì pe èkejì ní òpùrọ́ rí. Thelma di bẹ́ǹṣì mú.

"Kò sí búlúù lára kànga yẹn, àbí?"

"Kò sí."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí o ti kí àpótí lẹ́tà pupa tó ga bí èèyàn yẹn, tí o bi í pé ṣé àlàáfíà ló wà."

Thelma yíjú sí i. "Àpótí lẹ́tà ni?"

"Àpótí lẹ́tà ni, pẹ́pẹ́yẹ mi. O wá ní kò lẹ́kọ̀ọ́."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Thelma, lẹ́yìn náà ẹ̀rín ọ̀hún di ẹkún, kò sì mọ ibi tó ti yí padà. Avril fún un ní áńkáṣíìfù. Nínú ẹkún náà ló ti sọ ọ́, pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa káàánú òun, pé Avril fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lọ́jọ́ Bagshaw, pé ẹni tí ojú ń dùn, ilé ni kó jókòó sí.

"Èmi? Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?" Avril ronú. Ó wá lu itan rẹ̀. "Háà! Thelma, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn! Mo ní kí n sọ ọ́ bóyá wàá ní kí gbogbo wa jókòó sílé. Èmi tí mo kórìíra ìrìn."

"Ìwọ kórìíra ìrìn?"

"Mo kórìíra ẹ̀ bí nǹkan míì. Òkè, ẹrẹ̀, màlúù. Mo máa ń gbàdúrà ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé kí òjò rọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"O ní kí n wá. Mo ti ní ó máa dára. Báwo ni mo ṣe fẹ́ yí i padà?" Avril nu ojú ara rẹ̀, nítorí pé omi ti wà níbẹ̀ náà. "Nígbà tó yá, ilé ò wá ṣeé gbé fún mi ní Ọjọ́rú mọ́. Mi ò mọ ìgbà tó yí padà. Àánú wo lò ń sọ? Ìwọ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan. Mo ní kí n máa dá a padà fún ọ díẹ̀díẹ̀ ni, kí o má sì mọ̀."

Bọ́ọ̀sì dé. Ó dúró, ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Thelma dìde, ó na ọwọ́ wá irin ẹnu ọ̀nà. Avril dì í lápá mú.

"Ẹ máa lọ," ló sọ fún awakọ̀.

"Èyí ló kẹ́yìn o, mà."

"Mo mọ̀. Mo ní kí ẹ máa lọ."

Èrò ti tán nídìí kànga nígbà tí wọ́n padà débẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Heathcote nìkan ló kù, ó ń ká àga. Avril dúró níwájú pátákó tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó kà á sókè ketekete, bí ẹni tó fẹ́ kí ẹlẹ́rìí wà. Lẹ́yìn náà, obìnrin tí kò tẹ koríko èèwọ̀ rí láyé rẹ̀ gbé okùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé tẹ̀lé e. Ọ̀gbẹ́ni Heathcote rí wọn. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó wá yíjú sókè, ó ń wo ojú ọjọ́ bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ rẹ̀.

"Mú ìka rẹ wá," ni Avril wí.

Amọ̀ náà tutù. Lórí rẹ̀, awẹ́ òdòdó tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, wọ́n rọ̀ débi pé Thelma rọra ń mí kó má baà ṣí wọn nípò. Avril ń darí ìka rẹ̀. "Ọ̀nà nìyí, èèpo igi ni. Rúùtù nìyí, àti Náómì, wọ́n jọ ń lọ. Náómì ní imú bíi tìẹ. Ọkà nìyí. A ti wá dé ojú ọ̀run báyìí. Yẹ́lò ni gbogbo ẹ̀."

Thelma dúró. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ojú ọ̀run.

"Yẹ́lò wo?"

Yẹ́lò ni yẹ́lò lójú Avril. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ń bi í. Ó sún mọ́ pákó náà, ó wò ó, ó tún wò ó, ó fi gbogbo ojú tó ní wò ó.

"Bíi bọ́tà," ló wí níkẹyìn. "Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sórí búrẹ́dì gbígbóná, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Létí yìí ló rí bẹ́ẹ̀. Níbi tó ga jù, ó funfun díẹ̀, bí ara ògiri yàrá mi láàárọ̀, nígbà tí kọ́tìnì tí o rán fún mi ṣì wà ní títì."

Thelma pa ojú rẹ̀ dé. Ó rí i. Ó rí i kedere, àárín rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Yẹ́lò yẹn dára," ló wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti lò ó rí."

Wọ́n dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí ó yá, Ọ̀gbẹ́ni Heathcote tún wúkọ́, ó ní òun gbọ́ pé bọ́ọ̀sì ti lọ, ọkọ̀ òun sì wà nítòsí, bí kò bá ní yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní ìyẹn máa dára gan-an.

"Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ńkọ́?" ni Thelma bi í bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ọkùnrin náà lọ, apá rẹ̀ nínú apá Avril, ní gbangba.

"Mú ẹyin dání," ni Avril wí. "Kí o sì sè é dáadáa lọ́tẹ̀ yìí."